Ó Kàn Mí

Desolina ní kí n kó eré ọmọdé mi kúrò lórí tábìlì,
oúnjẹ alẹ́ ti jinná.
Mo ní ó ku ìṣó mọ́kànlá.
Lánàá náà, mọ́kànlá ló kù.

Àpótí tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò ju àpótí bàtà lọ:
táńkì ogun ilẹ̀ wa, irú èyí tó lọ sí aginjù,
ìdá kan nínú márùndínlógójì,
ike aláwọ̀ eérú tó ṣì so mọ́ igi rẹ̀ bí èso tí kò tíì pọ́n.
Ẹni tó ṣe móòdù rẹ̀ kò fara balẹ̀.
Ìbọn iwájú wọ́ bí ìka arúgbó,
kẹ̀kẹ́ kéékèèké abẹ́ rẹ̀ ki bí búrẹ́dì,
ara rẹ̀ sì ń dán, ó jọ̀lọ̀,
bí ẹni pé inú ẹyin ló ti jáde,
kì í ṣe inú iná, lẹ́bàá òkun Jẹ́nóà, ní Sampierdarena,
níbi tí Ampelio bàbá mi gbé ń kan ìṣó.

Nítorí náà mo mú abẹ.
Mo fá a, mo gé e, mo fi sánpépà dán an.
Agolo tòmátì Desolina di ìbòrí ẹsẹ̀ rẹ̀,
wáyà inú tẹlifóònù tó ti kú di okùn ìfàkọ̀,
mo na igi ike lórí àbẹ́là
títí ó fi tín-ín-rín ju irun ìpéǹpéjú lọ: ọ̀pá rédíò nìyẹn.
Ní ti ìṣó, abẹ́rẹ́ dókítà tí mo gé ẹnu rẹ̀
ni mo fi ń lu ike pẹlẹbẹ,
olórí róbótó, ọ̀kan, ọ̀kan,
tí èémí lásán lè gbé lọ.
Ní ọjọ́ Túsídeè mo sín:
iṣẹ́ ọjọ́ méjì wọ inú kápẹ́ẹ̀tì.

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.
Ológbò wa kò gbọ́ òwe yẹn rí;
ó gbé kẹ̀kẹ́ kan mì ní oṣù Kẹta.

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ nílé.
Òòlù ti di í létí,
ètè ìyá mi ló máa ń wò kó tó dáhùn.
Ẹ̀ẹ̀kan péré, lẹ́yìn wáìnì,
ó na ìka sí àwòrán Nevio àbúrò rẹ̀
tí aginjù Líbíà kò dá padà.
Ó ní: "Ọta kò wọlé tọ̀ ọ́.
Ìṣó ni.
Bí ọta bá gbá irin lóde, ìṣó a já nínú, a di ọta."
Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì.
Ó ní kí n bá òun gbé iyọ̀ wá.

Mo ti wo fọ́tò àtijọ́ títí ojú fi ń ṣe mí bàìbàì.
Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, mo kà á. Ẹ̀yìn, mo kà á.
Òun kàn án, èmi ń kà á;
ohun tí bàbá kàn tí kò lè kà,
ó kàn mí.
Irin tó rìn lọ tí kò rìn bọ̀,
mo kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ iyanrìn,
mo lọ ṣọ́ọ̀kì, mo fẹ́ eruku rẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀,
mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírun mẹ́ta kán ìpẹtà
sí abẹ́ ìṣó kọ̀ọ̀kan,
bí ẹni ń kán oògùn sójú ọmọ tuntun.

Ìwé inú àpótí ní kí n lẹ ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ òsì pa.
Ìpele kẹtàdínlógún. Ọfà dúdú kan tọ́ka sí i.
Ibẹ̀ nìkan ni n kò ti gbọ́ràn.
Mo fi abẹ yọ ọ́, mo fi wáyà idẹ ṣe ìsopọ̀ rẹ̀,
mo ṣí i sílẹ̀ gbayawu.
Ó fẹ̀ tó èékánná.
Ó fẹ̀ tó ọmọ ọdún méjìlélógún kan
bó bá kọ́kọ́ ti èjìká ọ̀tún jáde.

Ó ku ìṣó mọ́kànlá.
Desolina ti bu ọbẹ̀.
Ó wá dúró lẹ́yìn mi, ó bọ́ awò ojú rẹ̀,
kò pè é ní eré ọmọdé mọ́;
ó ní: "Èwo ni Ampelio kàn nínú wọn?"
Mo ní n kò mọ̀.
Ó mú ẹ̀mú kékeré, ó jókòó.
Ọbẹ̀ tutù.